ỌMỌ WA NÍ ÌLÚ ÀJÈJÌ: TA NI YÓÒ TỌ́ Ọ?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé oṣù mẹ́ta yìí
Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 2:1–10

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jùmọ̀ gbé yẹ̀ wò yìí kan gbogbo wa. Lónìí, bí ìyá mẹ́wàá bá jókòó nínú ẹgbẹ́ wa, a óò rí èyí tí ọmọ rẹ̀ wà ní London, tàbí Houston, tàbí Toronto, tàbí Dubai, títí dé Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn kan mú ọmọ wẹ́wẹ́ dání lọ, àwọn mìíràn bí tiwọn sọ́hùn-ún, àwọn kan sì fi ọmọ sílẹ̀ sọ́wọ́ àwa ìyá àgbà. Ìbéèrè wa nìyí: nígbà tí bàbá àti ìyá bá wà ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn, tí iṣẹ́ gba ọ̀sán, tí iṣẹ́ tún gba òru, ta ni yóò tọ́ ọmọ?

Ohun tí a fẹ́ kí a mú lọ sílé kò ju èyí lọ: ẹni tí ó ń wẹ ọmọ, tí ó ń fún un ní oúnjẹ, tí ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó sùn, òun ni ọkàn ọmọ náà ń fà sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ jẹ́ tirẹ̀ lọ́la gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lónìí, tàbí kí ó rí i dájú pé ẹni tí ó fi ọmọ tì kò jẹ́ kí ọmọ gbàgbé òun.

ÈKÓ NÁÀ TI GBA ÀJÈJÌ RÍ

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ìlú ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a wo ìlú tiwa. Gbogbo wa mọ Ìga Ìdúngànrán ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ààfin ọba Èkó. Àwọn àgbà sọ fún wa pé oko ata Àrómirẹ́ ni ilẹ̀ náà kí ó tó di ààfin. Láti iwájú Ìga, ẹsẹ̀ ni a lè fi rìn dé Ọlówógbowó, níbi tí àwọn Sàró dó sí, kí a sì rìn dé Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn tí ó ti Brasil àti Cuba dé kọ́ ilé sí. Lẹ́yìn ọdún 1851 ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń pọ̀ sí i ní Èkó. Ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú, tàbí ọmọ irú wọn, ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n Freetown tàbí Bahia ni a ti bí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n kó dé. Aṣọ wọn yàtọ̀, oúnjẹ wọn yàtọ̀, èdè tí a ń sọ nínú ilé wọn náà yàtọ̀. Àwọn Sàró ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Krio, àwọn Àgùdà sì ń sọ èdè Potogí.

Wọn kò fi ọmọ wọn sílẹ̀ kí ó máa ṣáko. Wọ́n gbé nítòsí ara wọn, wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì wá ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ. Ìjọ wa kò gbẹ́yìn: ní 1878 ni a dá Methodist Boys' High School sílẹ̀ ní Èkó, ní 1879 sì ni Methodist Girls' High School tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n kí ni ó kù lónìí nínú ohun tí àwọn Àgùdà kó dé? Èdè Potogí ti tán lẹ́nu ọmọ ọmọ wọn. Frejon kò tán. Tí ó bá di Ọjọ́ Ẹtì Rere, ilé Àgùdà ṣì ń se ẹ̀wà, wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì ń fi omi àgbọn sè é, wọ́n ń gbé e fún ará àdúgbò. Kí ló fà á? Frejon jẹ́ ohun tí ìyá ń ṣe lójú ọmọ lọ́dọọdún, tí ọmọ náà sì ń bá a fún omi àgbọn. Ọmọ ń di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe mú. Èdè kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá bá ti dákẹ́ rẹ̀ nínú ilé ni ó ti ń kú lọ, kò sì gba ìran púpọ̀ kí ó tó tán. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ẹ̀kọ́ wa lọ.

NÍGBÀ TÍ Ó KAN ÀWA LÁTI DI ÀJÈJÌ

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa ń wọ́ lọ sí ìlú ọba láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìṣirò owó. Ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá lọ, láti Àpápá dé Liverpool, ìrìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà yìí ní 1951, ni àwọn àgbà ṣì máa ń dárúkọ. Ẹgbẹ́ WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní London ní 1925, ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra tipẹ́. Ṣùgbọ́n ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ilé ìdílé.

Ọkọ a lọ ṣáájú, ìyàwó a tẹ̀ lé e, òun náà a sì wá iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ṣe. Kò pẹ́, ọmọ a dé. Níbo ni wọn yóò gbé e sí? Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà. Ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù ni kò fẹ́ ènìyàn dúdú rárá, àwọn tí ó fẹ́ kò fẹ́ ariwo ọmọdé. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣe lórí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ní 1965 kò kan ọ̀rọ̀ ilé. Ó di 1968 kí òfin tó sọ pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ tìtorí àwọ̀ fi ilé du ẹlòmíràn. Kò sí ìyá nítòsí, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí ará ilé tí yóò sọ pé, "Gbé e wá kí n bá ọ mú un títí o ó fi dé."

Báyìí ni ọ̀pọ̀ òbí, láti nǹkan bí 1955 lọ, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá alágbàtọ́ láàárín àwọn Òyìnbó. Wọ́n ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ìyá tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ, àwọn yóò máa san owó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdílé Òyìnbó ní Kent, ní Essex, ní Sussex a kọ lẹ́tà wá, ìyá a gbé ọmọ wọ ọkọ̀ ojú irin, a sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kan kò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó wá fún àṣà yìí ni "farming", bí ẹni pé ohun ọ̀gbìn ni ọmọ.

Ẹ má jẹ́ kí a yára dá àwọn òbí náà lẹ́bi. Gbígba ọmọ tọ́ kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa. Mélòó nínú wa ni kò gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá rí? Ohun tí wọ́n mọ̀ nílé ni wọ́n fẹ́ ṣe lẹ́yìn odi. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pọ̀. Bí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó bá ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, èdè kan náà ni ó ń gbọ́, oúnjẹ kan náà ni ó ń jẹ, ìyá rẹ̀ lè yọjú nígbàkúgbà, gbogbo àdúgbò sì mọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́. Ní ìlú Òyìnbó, alágbàtọ́ kò gbọ́ èdè ọmọ, kò mọ orúkọ rẹ̀ pè, kò mọ bí a ti ń di irun rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn àwọn ọmọ náà dénú, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà gan-an ni ó ń mú kí ọmọ di tiwọn.

Òṣèré sinimá tí a mọ̀ sí Adewale Akinnuoye-Agbaje jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. London ni a ti bí i ní 1967, ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni wọ́n. Ó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé Òyìnbó kan ní Tilbury, ní Essex. Nígbà tí wọ́n mú un wá sílé ní kékeré, kò mọ ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́ èdè. Wọ́n dá a padà. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀ débi pé ó ń bá àwọn ọmọ ìta Òyìnbó tí ń lu ènìyàn dúdú rìn. Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, ó yí padà, ó kàwé gba oyè nínú ìmọ̀ òfin, ó sì fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù tí ó pè ní Farming ní 2018.

Àwa tí a ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Èkó ní àwọn ọdún 1980 náà rí díẹ̀ nínú èso ohun tí a ń sọ yìí. Wọ́n a mú ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án wá sí kíláàsì wa, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé. Ọmọ náà a mọ̀wé, a mọ ìwà. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá wá mú un lẹ́yìn ilé ìwé, kì í sáré lọ bá a bí àwọn ọmọ yòókù ti ń ṣe. A dúró, a sì wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Ojú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé wò.

ÌYÁ KAN LÁTI ILÉ Ẹ̀KỌ́ WA

Gbogbo ìyá kọ́ ni ó gbé ọmọ fún alágbàtọ́. Buchi Emecheta, tí a bí ní Èkó ní 1944, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ibusa, gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọ Methodist Girls' High School. Ní 1962 ó kó ọmọ méjì lọ bá ọkọ rẹ̀ ní London. Nígbà tí ó fi di ẹni ọdún méjìlélógún, ọmọ márùn-ún ni ó ti bí, ìgbéyàwó rẹ̀ sì ti túká. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, ó ń tọ́ ọmọ, ó ń jí kọ̀wé ní ìdájí kí àwọn ọmọ tó jí, ó sì tún kàwé gboyè ní yunifásítì. Ó kú ní London ní oṣù kìíní ọdún 2017.

Nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1974, Second-Class Citizen, ó sọ̀rọ̀ ìyá kan, Adah, tí gbogbo ará Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń gbé ilé ń rọ̀ pé kí ó lọ fi ọmọ fún alágbàtọ́. Ó kọ̀. Ó wá obìnrin kan tí yóò máa bá a ṣọ́ ọmọ ní ọ̀sán. Ní ọjọ́ kan tí ó yọjú láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni ó bá àwọn ọmọ, èyí àbúrò ń tú ìdọ̀tí nínú garawa ilẹ̀. Kò pẹ́ tí àìsàn líle kọlu ọmọ náà. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba àdúgbò wá fún wọn láyè ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ ṣàkíyèsí: yíyọjú láìròtẹ́lẹ̀ ni ó la ojú ìyá náà. Ìyá tí ó bá fi ọmọ ṣọ́ níbikíbi gbọ́dọ̀ máa yọjú.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ó dára kí àwa náà mọ nǹkan wọ̀nyí, nítorí pé àwọn ọmọ wa máa ń bi wá léèrè lórí fóònù.

Èkíní, ọ̀rọ̀ alágbàtọ́. Ní England, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún yóò bá gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ fi tó káńsù létí, kí wọ́n lè wá wo ilé náà. Kì í ṣe ọ̀tá ni wọ́n fẹ́ bá wa ṣe. Ọmọdébìnrin ará Ivory Coast kan, Victoria Climbié, kú ní London ní oṣù kejì ọdún 2000, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìbátan bàbá rẹ̀ ni àwọn òbí fi lé lọ́wọ́ pé kí ó lọ kàwé, ọwọ́ ìbátan yìí àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ni ó sì kú sí. Nítorí náà, orúkọ "ẹ̀gbọ́n" tàbí "àǹtí" nìkan kò tó láti fi ọmọ lé ènìyàn lọ́wọ́.

Èkejì, ìwé ọmọ. Ní England, ọjọ́ 42 ni a ní láti fi orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí a bá bí ọmọ sí ìlú kan, èyí kò sọ pé ó ti di ọmọ onílùú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1983 ni Britain ti dáwọ́ èyí dúró àfi bí bàbá tàbí ìyá bá ti ní ẹ̀tọ́ ìgbélùú ibẹ̀; ilẹ̀ Ṣáínà náà kì í sọ ọmọ àlejò di ọmọ onílùú. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ọmọ tí a bí lẹ́yìn odi, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Kí wọ́n gba ìwé ìrìnnà tiwa fún un ní kékeré.

Ẹ̀kẹta, nínà. Nínà ọmọ ti di èèwọ̀ ní Scotland láti 2020, ní Wales láti 2022, ní Japan láti 2020. Bí ìyá àgbà bá lọ kí ọmọ lọ́hùn-ún, kí ó fi pàṣán sílé. Ẹnu ni kí a fi bá ọmọ wí, kí a sì rí i pé ó yé e.

IṢẸ́ TI DÉ ỌWỌ́ WA

Lóde òní, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Láti oṣù kìíní 2024, Britain kò gbà kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àlejò mú ìdílé wọn dání mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé àwọn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ láti wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó náà kò gbọ́dọ̀ mú ọmọ tàbí ọkọ lọ. Nítorí náà, ìyá wà lọ́hùn-ún, ọmọ wà níhìn-ín. Lónìí, àwa ni alágbàtọ́. Ohun tí a ń sọ nípa ìyá Òyìnbó Tilbury lè bá àwa náà wí, bí a kò bá ṣọ́ra. Ọmọ tí a ń tọ́ lè fẹ́ràn wa débi pé ó gbàgbé ẹni tí ó bí i.

Ìdí nìyí tí a fi yan ìtàn Mósè. Inú ààfin Fáráò ni a tọ́ ọmọ náà, ìlú àjèjì ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gan-an ni a háyà láti fún un lọ́mú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì dúró lókèèrè láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Nígbà tí Mósè dàgbà, ó mọ àwọn tí í ṣe ènìyàn rẹ̀. Ìwọ̀n ọdún díẹ̀ tí ìyá fi gbé e mọ́ àyà kò ṣòfò.

Kí ni a lè ṣe?

1. Bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ wa, kí ó máa rí ojú ìyá rẹ̀ lórí fóònù ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀, kí ọmọ lè máa retí rẹ̀. Kí ìyá gbọ́ ọ bí ó ti ń ka ìwé, kí ó sì bá a gbàdúrà kí ó tó sùn.

2. Kí a má ṣe sọ ọ̀rọ̀ àìdára nípa òbí lójú ọmọ, ìbáà ṣe pé owó oṣù kò tètè dé. Kí a má sì gbà kí ó máa pe àwa ní "Mọ́mì" kí ó máa pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ mìíràn.

3. Bí ọmọ bá wà lọ́hùn-ún, kí a máa bá a sọ Yorùbá lórí fóònù, bí ó tilẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn. Kí a kì í, kí a pe oríkì rẹ̀, kí a pa àlọ́ kan ṣoṣo fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ìyá tí ń sọ pé Yorùbá yóò da ọpọlọ ọmọ rú ń tan ara rẹ̀: ọmọdé lè gbọ́ èdè méjì láìsí wàhálà.

4. Bí a bá lọ bá wọn wẹ ọmọ, kí a mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ni a bá lọ. Ìyá ọmọ tí ó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé nílò oorun ju ìbáwí lọ. Kí a kọ́ ọkọ rẹ̀ náà láti gbé ọmọ.

5. Kí a dín ohun tí a ń béèrè kù. Aṣọ ẹbí kan tí a fi ipá gbà lọ́wọ́ ọmọ lè jẹ́ owó jẹ́lé-ó-sinmi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà mìíràn, àwa ni a ń lé ìyá jáde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ láìmọ̀.

6. Kí ìyá tí ó wà lọ́hùn-ún fi oúnjẹ kan ṣe ti ilé. Kí ó máa se é lọ́jọ́ kan náà, kí ọmọ máa bá a ṣe é. Bí èdè bá rẹ̀, oúnjẹ á bá a gbé e dìde.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni frejon àwọn Àgùdà kọ́ wa nípa ohun tí ọmọ ń rántí?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín gbígba ọmọ tọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti gbígbé ọmọ fún alágbàtọ́ ní ìlú Òyìnbó?
3. Bí ọmọbìnrin rẹ bá pè ọ́ pé òun fẹ́ fi ọmọ oṣù mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọ, àwọn ìbéèrè wo ni ìwọ yóò bi í kí o tó dáhùn?
4. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ń dá tọ́ ọmọ ọmọ? Báwo ni a ṣe lè yọjú sí i ní ọ̀sẹ̀ yìí?

Ẹ jẹ́ kí a parí ìpàdé wa pẹ̀lú àdúrà fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń jí lọ sí iṣẹ́ nínú òtútù, fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ń dúró dè wọ́n, àti fún gbogbo ẹni tí ń bá ẹlòmíràn tọ́ ọmọ. Kí oníkálukú dárúkọ ọmọ tirẹ̀ àti ìlú tí ó wà. Bí a bá sì délé, kí a gbé fóònù.